Màmá mi ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, eékún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu: ọ̀nà wo ni kí a gbà rìn?

Ọmọ Aké, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, mo kí yín o. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn oṣù Kẹfà ni èmi àti màmá mi yóò wá kí àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Thamesmead. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi, wọn kò sì fún un ní ìsinmi ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, nítorí náà èmi ni n ó máa mú màmá jáde, bẹ́ẹ̀ èmi náà kò dé Ìlú Ọba rí. Màmá ti pé ẹni ọdún 73. Ọkàn wọn yá sí ìrìn àjò yìí gan-an, ṣùgbọ́n eékún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn ló máa ń fà wá lọ́wọ́ gun Olúmọ nígbà tí a wà ní kékeré. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tí wọn kò débẹ̀ mọ́. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ́n lè rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó wá ibi jókòó sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ọkọ̀ wo ni kí a wọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow dé Thamesmead, báwo ni a sì ṣe ń sanwó ọkọ̀ níbẹ̀? Àwọn ibo ni ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn lè dé, kí inú rẹ̀ sì dùn? Ibi méjì péré ni màmá fi ẹnu ara wọn dárúkọ. Wọ́n fẹ́ rí odò Thames, wọ́n sì fẹ́ dé ibi tí wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, nítorí ọmọ ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké ni wọ́n láti kékeré.

Ìyá Ìbejì, Woolwich

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, àbúrò mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ní apá ibí yìí, ìyá tèmi náà sì wá lẹ́ẹ̀mẹta kí Ọlọ́run tó pè wọ́n, nítorí náà ohun tí ẹ ń bèèrè yé mi dáadáa.

Ilé tí Ọlọ́run fún àbúrò yín ní Thamesmead yẹn ti ṣe yín lóore. Abbey Wood, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ni ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ti ń parí ìrìn rẹ̀. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà, gbogbo ibùdó rẹ̀ ni ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn sì lè gbà dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò. Àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ibùdó wọn ni kò ní lífìtì rárá, ẹ̀yin yóò sì kàn ṣàdédé bá àtẹ̀gùn gígùn pàdé nígbà tí kò sí bí ẹ ṣe lè padà mọ́. Wọn yóò sọ fún yín pé Piccadilly line, ọ̀kan nínú wọn, ni owó rẹ̀ kéré jù nínú ọkọ̀ ojú irin láti Heathrow, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí pọ́n-ùn mélòó kan dá màmá lóró lẹ́yìn ìrìn òfurufú wákàtí mẹ́fà.

Kí ẹ tó gbéra nílé, ẹ kàn sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yín, ó pẹ́ tán wákàtí 48 ṣáájú, kí wọ́n lè pèsè àga oníkẹ̀kẹ́ fún màmá ní ìhà méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni. Ìyá mi kọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ nítorí wọ́n ní ojú arọ ni àwọn èèyàn yóò fi wo àwọn. Láti ẹnu ọkọ̀ òfurufú dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè jìn ju bí wọ́n ti rò lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni ẹsẹ̀ wọn fi wú. Ẹ bá màmá sọ̀rọ̀ láti ilé, kí ó má di àríyànjiyàn ní pápákọ̀. Kí ìwé ìrìnnà, àdírẹ́sì àbúrò yín àti tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó fi padà sí ilé wà ní àpò ọwọ́ yín, nítorí wọ́n lè bèèrè wọn níbodè.

Bí ẹ bá jáde tán, ẹ máa tẹ̀lé àmì Elizabeth line tó ní àwọ̀ àlùkò. Ẹ ṣọ́ra, nítorí Heathrow Express náà wà níbẹ̀: owó rẹ̀ wọ́n, Paddington ló sì ń mọ. Ẹ wo ojú pátákó kí ẹ rí i pé Abbey Wood ni ọkọ̀ ń lọ, kí ẹ wọlé, kí ẹ jókòó. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń lọ sí Shenfield ni ẹ wọ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Liverpool Street, kí ẹ dúró lójú kan náà láìgun ibì kankan, ti Abbey Wood yóò wá bá yín níbẹ̀. Ẹni tó bá sì wá bá yín nínú pápákọ̀ pé òun ní mọ́tò, ẹ má dá a lóhùn.

Ní ti owó, káàdì kan kò lè gbé èèyàn méjì. Ẹ ra Oyster, káàdì tí a ń fi wọ ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, fún màmá, kí ẹ̀yin máa lo káàdì báǹkì yín bí ó bá ṣeé fi kan ẹ̀rọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ báǹkì yín kí ẹ tó wá bóyá káàdì náírà yín ń ṣiṣẹ́ ní òkèèrè àti iye tí wọ́n ń gbà lé e. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹni tó bá gbàgbé èyí tó kẹ́yìn, owó tó ga jù ni wọn yóò yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Káàdì tí ẹ fi wọlé náà ni kí ẹ fi jáde. Fóònù àti káàdì kì í ṣe ohun kan náà lójú ẹ̀rọ, kódà bí owó báǹkì kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Àlejò Tuntun

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé àwọn àgbàlagbà kì í sanwó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé màmá nílò káàdì rárá báyìí?

Awakọ̀, Plumstead

Wọ́n nílò rẹ̀. Àǹfààní tí ẹ̀gbọ́n yín sọ, àwọn àgbàlagbà tó ń gbé nínú Lọ́ńdọ̀nù ló wà fún. Àlejò tó wá fún ọ̀sẹ̀ méjì kò lè rí i gbà. Mo ti rí àwọn ìyá wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ mi, tí wọ́n fi ewú orí hàn mí gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ, ó sì máa ń dùn mí láti sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í gba owó lọ́wọ́ èrò, láti oṣù Keje ọdún 2014 ni wọ́n ti fòpin sí ìyẹn. Káàdì ni ẹ ó fi kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Ọdún 2023 ni owó bọ́ọ̀sì di £1.75, ohun tí owó yẹn sì lè ṣe ju bí àlejò ti mọ̀ lọ: láàárín wákàtí kan tí ẹ ti wọ ti àkọ́kọ́, ẹ lè bọ́ sínú òmíràn àti òmíràn láìsan kọ́bọ̀ mọ́, bí káàdì kan náà bá ni ẹ lò.

Ọmọ Aké, bọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi ṣe ọkọ̀ màmá, mo sì ń sọ èyí láti inú iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe fún ọdún mọ́kànlá. Kò ní àtẹ̀gùn àfi èyí tó lọ sí òkè ọkọ̀, wọn kò sì nílò láti gùn ún. Awakọ̀ lè rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè bá a dọ́gba. Bí ẹ bá rí i pé kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ na ọwọ́ sí i kí ẹ bèèrè, a kò ní bínú. Àwọn àga tó wà níwájú nísàlẹ̀ wà fún irú màmá. Bí ọmọdé bá jókòó síbẹ̀, ẹ sọ fún un pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, yóò dìde. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí màmá má ṣe dìde kí ọkọ̀ tó dúró pátápátá. Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ dá awakọ̀ dúró, wọ́n á ti dìde sílẹ̀ de ibùdó, ibẹ̀ ni mo ti rí ìṣubú tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí. A ó dúró dè wọ́n.

Ẹ má jáde kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ tó lù, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ló ni ọ̀nà ṣáájú ìgbà yẹn. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn ọmọ ilé ìwé yóò kún inú bọ́ọ̀sì.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ ni 53. Láti Thamesmead, ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé Woolwich, kí ẹ wọ 53 níbẹ̀. Yóò gbé yín gba Charlton, Blackheath, New Cross àti Old Kent Road dé Elephant and Castle. Ní Elephant, ẹ bọ́ sínú 12 tó ń lọ sí Oxford Circus, kí màmá wo ìta láti ojú fèrèsé: Afárá Westminster lórí odò Thames, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti aago ńlá rẹ̀, Trafalgar Square, Piccadilly Circus. Àwọn àlejò ń san owó ńlá fún ọkọ̀ afẹ́ tó ń kọjá lójú ọ̀nà kan náà.

Òmíràn rèé tí àwọn ìwé atọ́nà kì í sábà sọ. Gbogbo ènìyàn ń gba ìsàlẹ̀ lọ wo ilé awòràwọ̀ ọba ní Greenwich, wọ́n á sì gun òkè gíga kan tí eékún màmá kò lè gùn láé. Ẹ má gba ibẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú 53 ní Blackheath, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà ọgbà tó wà níbẹ̀ wọlé. Ọ̀nà náà tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, igi wà lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá dé góńgó òkè náà, ẹ ó rí Thames nísàlẹ̀ àti gbogbo ìlú lẹ́yìn rẹ̀, láìgun ohunkóhun.

Ará Rye Lane

Awakọ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì débi pé kò kù síbì kan, kìkì Peckham ni n ó fi kún un, nítorí màmá yóò fẹ́ gbọ́ Yorùbá ní ìta. Ẹ má gba ọkọ̀ ojú irin wá, àtẹ̀gùn ibùdó Peckham Rye pọ̀ jù fún wọn. Ẹ wọ 53 dé New Cross, kí ẹ bọ́ sínú 36. Ní Rye Lane, ẹ ó rí iṣu, ata rodo, ẹ̀fọ́, panla, aṣọ àti gèlè, ẹ ó sì rí ẹni tí yóò bá màmá dúnàádúrà bí ẹni pé Kútọ̀ ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa fóònù. Àwọn olè orí kẹ̀kẹ́ ń gba fóònù lọ́wọ́ ènìyàn ní bèbè títì, wọ́n á sì ti kọjá lọ kí ẹ tó pariwo. Bí ẹ bá fẹ́ wo ọ̀nà, ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù tàbí kí ẹ fara ti ògiri.

Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kì í gba owó ìwọlé, ìjókòó àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nínú wọn. British Museum ni kí ẹ lọ, láti Abbey Wood tààrà dé Tottenham Court Road, kí ẹ wá rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ìsinmi lójú ọ̀nà. Orí Ifẹ̀ kan wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Ẹ bèèrè ibi tí ó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kí ẹ má baà rìn káàkiri. Ojú mi dà omi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, inú mi dùn, inú mi sì tún bàjẹ́ pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí i.

Ẹ lè fi Tower of London, London Eye àti ààfin ọba kún ọjọ́ kan náà, kí ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ tán.

Ìyá Ìbejì, Woolwich

Ará Rye Lane, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ohun kan lójúmọ́ ló tọ́ sí ẹni ọdún 73, kí wọ́n sì sinmi nílé ní ọjọ́ kejì. Tower kún fún òkúta àti àtẹ̀gùn tóóró, owó ìwọlé rẹ̀ kò sì kéré. Ọjọ́ tí inú ìyá mi dùn jù ní Lọ́ńdọ̀nù, a kò san owó kankan: ọkọ̀ ojú omi Woolwich la wọ̀ lọ sí òdìkejì Thames tí a tún wọ̀ ọ́ padà. Láti ọdún 1889 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ náà gbé ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ó máa ń dáwọ́ dúró nígbà míràn, pàápàá bí kùrukùru bá bo odò.

Ẹ bá màmá mú súwẹ́tà dání. Oṣù Kẹfà ni wọ́n ń pè ní ìgbà ooru lóòótọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn etí odò kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá, nítorí náà kí àbúrò yín wá aṣọ fèrèsé tó nípọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ màmá kò ní rí oorun sùn.

Apoògùn, Croydon

Iṣẹ́ oògùn ni mo ń ṣe, mo sì ń rí àlejò tí oògùn ti tán lọ́wọ́ wọn lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀. Púpọ̀ nínú oògùn tí a ń rà lórí káńtà ní Nàìjíríà, títí kan ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn oògùn apakòkòrò, a kò lè tà á níbí láìsí ìwé dókítà. Kí màmá kó èyí tí yóò tó wọn, kí ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ kan, nínú páálí tí wọ́n tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà wọn, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò ọwọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fún wọn ní tramadol fún eékún, ẹ mọ̀ pé oògùn tí òfin ká lọ́wọ́ kò ni níbí. Ẹ má gbé e wá láìní ìwé dókítà.

Ẹ ra ìbánigbófò ìrìn àjò. Ìtọ́jú pàjáwìrì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba màmá sí ibùsùn, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà jẹ́ ni wọn yóò kọ fún yín. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 999. Bí ó bá jẹ́ àìsàn tí kò le tó bẹ́ẹ̀, 111 ni kí ẹ pè fún ìmọ̀ràn.

Ọmọ Aké, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ kú àánú wa. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún màmá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti gbà láti jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ohun méjì ló kù. Wọ́n ti ń sá ẹran gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ tí wọn yóò gbé fún àbúrò mi, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn. Èkejì, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ti Crowther.

Ìyá Ìbejì, Woolwich

Ẹ sọ fún wọn láìfi bọpo bọyọ̀. Òfin kò gba ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kò gba wàrà àti ohun tí a fi wàrà ṣe, láti ọ̀dọ̀ wa wọ ibí. Wọn yóò gbà á dànù lójú màmá, ojú wọn yóò sì tì wọ́n. Gàrí, èlùbọ́ àti pọ̀nmọ́ ń bẹ ní Woolwich. Kí wọ́n gbé àdìrẹ wá, ìyẹn ni a kò lè rí rà bí èyí tí Abẹ́òkúta ń ṣe.

Akọrin, Kent

Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, inú Kàtídírà Canterbury ni, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa: àyájọ́ Pétérù Mímọ́ ni, ẹni tí ìjọ màmá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ ṣe sọ pé ìparí oṣù Kẹfà ni ẹ ń bọ̀, ẹ lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí ó bọ́.

Ẹ wọ Elizabeth line láti Abbey Wood dé Farringdon, kí ẹ gun lífìtì lọ sí ọ̀dọ̀ Thameslink, ọkọ̀ ojú irin mìíràn, ibùdó kan péré ló kù dé St Pancras. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ayára ti ń lọ sí Canterbury West, kò tó wákàtí kan. Oyster kò ṣiṣẹ́ dé ibẹ̀, ẹ ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ra èyí tó wà fún àkókò tí èrò kò pọ̀. Láti ibùdó dé kàtídírà, ilẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n ó lè gba màmá ní ogún ìṣẹ́jú, nítorí náà ẹ sinmi lẹ́ẹ̀kan ní ojú ọ̀nà. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wá wòran, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tó wá jọ́sìn. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ yín bọ́ sí àkókò ìsìn ìrọ̀lẹ́ tí àwọn akọrin máa ń kọ.

Ọmọ Aké, Abẹ́òkúta

A ti padà délé, ó sì yẹ kí n jábọ̀. Heathrow dé Abbey Wood rí gẹ́lẹ́ bí ẹ ti wí. Ní ọjọ́ kan, lífìtì ibùdó kan bàjẹ́ nígbà tí a ń padà bọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan lórí ìdúró. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo TfL Go, áàpù àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, lórí fóònù kí a tó jáde nílé, nítorí ó ń sọ lífìtì tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń mú àgbàlagbà bọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́ bí mo ti ṣe é. A kò dé Tower, a kò sì dé ààfin. Ìgbà mẹ́ta ni a wọ 53 lọ sí Blackheath, nítorí màmá ní àwọn fẹ́ padà síbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dé góńgó òkè náà, wọ́n wo ìsàlẹ̀ títí, wọ́n ní, "Ó jọ orí Olúmọ."

Ní ọjọ́ 29, a wà ní Canterbury. Wọ́n wọ àdìrẹ, wọ́n gbé Bíbélì Yorùbá wọn lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹnu ọ̀nà bèèrè ibi tí a ti wá, mo ní Abẹ́òkúta, ó sì mú màmá lọ jókòó sí iwájú, nítòsí àwọn akọrin. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Àdúrà Olúwa, wọ́n gbà á pẹ̀lú àwọn tó kù, ní Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.